ỌMỌ ONÍSÌMẸ́ǸTÌ ÈKÓ TÓ JÓKÒÓ SÓRÍ BẸ́ŃṢÌ L'AMẸ́RÍKÀ: ṢÉ KÉÈYÀN DÚRÓ NI, ÀBÍ KÓ KẸ́RÙ Ẹ̀?

 

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní àdúgbò wa, mo fẹ́ lọ gba àga tí mo ní kí wọ́n bá mi kàn. Àga ò tíì ṣe tán. Mo bá ọ̀gá káfíńtà tó fọwọ́ lẹ́rán, ìyá kan tó ń ta ata jókòó níwájú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Àṣé ọmọ ìyá náà tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti kó aṣọ rẹ̀ lóru, ó ti gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn lọ. Ó ti lo ọdún méjì, ó ku ọdún kan péré kó gba fíríìdọ̀mù. Kí ló dé? Ọmọ náà ní láti ọjọ́ tóun ti dé, sáńpépà lòun fi ń ha pákó, wọn ò jẹ́ kóun fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń la igi. Ọ̀gá ní tirẹ̀ ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì balẹ̀. Tí mo bá gbé ẹ̀rọ fún un báyìí, á gé e níka."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá wò mí, kò dá mi lóhùn.

Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi rárá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ lù mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń jù sínú àwọ̀n lókè, bí wọ́n ṣe ń gbá a láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ tí ìyá aláta àti ọ̀gá káfíńtà ń rò yìí gan-an ni wọ́n ń rò níbẹ̀ lọ́dọọdún: ọmọ ní wọn ò lo òun, ọ̀gá ní kò tíì tó lò, ọmọ bá kẹ́rù. Ọmọ Yorùbá kan, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì l'Ékòó, sì wà nínú ìtàn náà. Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín.

ÌKÒKÒ KAN, ẸNU PỌ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò bí oníṣòwò. Eré àwọn ọkùnrin ní yunifásítì wọn, 40 ìṣẹ́jú ni. Wọ́n á gbá 20, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún gbá 20. Ènìyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Tí ẹ bá sọ 40 di ọ̀nà márùn-ún, 200 ìṣẹ́jú nìyẹn. Gbogbo ọbẹ̀ tó wà nínú ìkòkò kóòṣì nìyẹn, kò lè bu omi kún un.

Ẹnu mélòó ló wá yí ìkòkò ká? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ 13 ni òfin gba yunifásítì ńlá kan láàyè láti fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré yìí. Láti sáà 2025 sí 2026, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun lè kó ọmọ 15 jọ. Ṣùgbọ́n tí eré bá gbóná, kóòṣì tó fẹ́ borí kì í sábà lò ju ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Àwọn yòókù, bẹ́ńṣì ni. Wọ́n á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á na omi sí ẹni tó ń làágùn, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ padà láìlàágùn rárá. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ wọ̀nyẹn wà ní girama, àwọn ni baálẹ̀. Ìlú mọ̀ wọ́n, ìyá wọn ń fi wọ́n yangàn.

Báwo ni kóòṣì ṣe ń pín ọbẹ̀ ọ̀hún? Ọ̀pọ̀ èrò ìwòran rò pé ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n jù lọ ni yóò wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí kóòṣì kọ́kọ́ ń wò ni pé, ṣé ọmọ yìí lè dá ẹni tó ń ṣọ́ dúró? Ọmọ tó gba àmì 10 wọlé, tí ẹni tó yẹ kó ṣọ́ wá gba 12 lé e lórí, àdánù ló mú bọ̀ láti ọjà. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n: owó tó wọlé kọ́ ni èrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ó ń sọ bọ́ọ̀lù nù sọ́wọ́ ọ̀tá? Ṣé ó ń ta fáùlù? Nítorí ẹni tó bá ta fáùlù márùn-ún, ó di gbére lọ́jọ́ náà. Tó bá ti ta méjì ní kùtùkùtù eré, ọ̀pọ̀ kóòṣì á yára fà á jókòó. Wọ́n tún ń wo ẹni tí ẹgbẹ́ kejì gbé jáde, bóyá gíga ni wọ́n fẹ́ fi bá wọn jà tàbí eré sísá. Èyí tí èrò ìwòran kì í sì í rí ni ohun tí ọmọ ń ṣe níbi ìgbáradì, láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì náà ní ọ̀gá tirẹ̀. Tó bá pàdánù jù, wọ́n á lé e. Òun náà á ní ọwọ́ ọmọ yìí ò tíì balẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn káfíńtà wa níbẹ̀?

ỌMỌ ONÍSÌMẸ́ǸTÌ DÉ HOUSTON

Hakeem Ọlájùwọ́n lorúkọ ọmọ tí mo ní kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Sìmẹ́ǹtì làwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá, golí ni, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ó ti balẹ̀ dàgbà kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní gíga. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bàtà méje ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un.

Lọ́dún 1980 ló wọ bàálù lọ sí Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹnì kankan ò wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tó tẹ ilé ẹ̀kọ́ láago, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, "Akeem" ni wọ́n ń kọ. Ọdún 1991 ló tó dá lẹ́tà tó sọ nù padà sídìí orúkọ náà.

Sáà àkọ́kọ́, kò gbá eré kankan. Odidi sáà kan, ìgbáradì ni, àti ìjókòó. Sáà kejì, 1981 sí 1982, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣùgbọ́n láti orí bẹ́ńṣì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú 40 ìṣẹ́jú, nǹkan bí 18 ló ń kàn án. Àmì tó ń gbà lójúmọ́ eré kan jẹ́ 8.3. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó fi ilé sílẹ̀, tó sọdá òkun, tí òtútù ń pa, tí oúnjẹ ibẹ̀ ò jọ tilé, tó wá jókòó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀. Tó bá bínú, ta ló máa dá a lẹ́bi?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti là mí létí dáadáa rèé. Nígbà tí sáà yẹn parí, Hakeem tọ àwọn kóòṣì rẹ̀ lọ. Ó bi wọ́n pé kí lòun lè ṣe tí wọn á fi máa lo òun sí i. Wọn ò bú u, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù. Houston náà ni Malone ń gbé nígbà yẹn, ó sì wà lára àwọn abẹ́ àwọ̀n tó lágbára jù lọ nínú NBA, ìyẹn ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní gbọ̀ngàn eré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde, ọmọ onísìmẹ́ǹtì Èkó lọ ń fara ko àgbà. Àgbà ń tì í, òun náà ń tì í padà. Ibẹ̀ ni egungun rẹ̀ ti gbó.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Sáà tó tẹ̀lé e, àmì 8.3 di 13.9. Sáà tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ó di 16.8. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, Houston dé àṣekágbá. North Carolina State nà wọ́n ní 54 sí 52 nígbà tí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Síbẹ̀, Hakeem tó wà nínú ẹgbẹ́ tó pàdánù ni wọ́n yàn ní ẹni tó ta yọ jù lọ. Lọ́dún 1984 wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown tún nà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan ọmọ lọ́dún náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo wọn. Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀, ipò kẹta ló wà. Lọ́dún 1994 àti 1995, Hakeem gba ife NBA fún Houston Rockets.

Àbí ẹ ti ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá ní sùúrù ló ń jẹ èrè"? Ẹ dúró ná. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ tó jókòó sójú kan láìbéèrè, tó ń retí pé ọ̀gá á ṣàdédé rántí òun, kì í ṣe onísùúrù, orun ló ń sùn. Hakeem béèrè, ó rí ẹni dá a lóhùn, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÒFIN TÓ DÈ WỌ́N, ÒFIN TÓ TÚ WỌN SÍLẸ̀

Ká má tan ara wa o. Láyé ìgbà Hakeem, kò rọrùn fún ọmọ láti kúrò ní yunifásítì kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn. Ẹgbẹ́ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì wọn, ní òfin pé ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ jókòó fún odidi ọdún kan kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbi tó lọ. Ẹ wo Ekpe Udoh, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2008 ló kúrò ní Michigan lọ sí Baylor. Ó jókòó fún sáà kan gbáko. Sáà kan péré ló wá gbá níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ NBA fi mú un ní ipò kẹfà lọ́dún 2010. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìjókòó ọdún kan yẹn ń bà lẹ́rù tí wọn ò fi lè ṣí ẹsẹ̀.

Èyí tó ń dun àwọn ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kóòṣì kì í jókòó ní tirẹ̀. Kóòṣì lè wá sí pálọ̀ ìyá ọmọ lónìí, kó ṣèlérí pé, "Màmá, bí ọmọ mi ni màá ṣe tọ́jú ẹ̀." Tó bá dọ̀la, tí yunifásítì mìíràn na owó tó pọ̀ jù sí i, á di ẹrù ẹ̀, á máa lọ. Ọmọ tó tìtorí rẹ̀ wá á wà níbẹ̀ tí á máa wo òfuurufú.

Ni òfin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ṣí ìwé orúkọ kan lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní transfer portal. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ á ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò lè kọ̀. Kóòṣì ibòmíràn á rí orúkọ náà, á sì pè é. Lọ́dún 2021, NCAA ní ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan kò ní jókòó mọ́. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbà káwọn ọmọ máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn. Lọ́dún 2024, wọ́n mú ìjókòó kúrò, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ lọ, bó bá ṣáà ti ń yege nínú ìwé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tó jẹ́ kí yunifásítì máa san owó fáwọn ọmọ tààrà. Ilẹ̀kùn wá ṣí gbayawu. Ju 1,000 agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin lọ ló ń kọ orúkọ sínú ìwé náà lọ́dọọdún.

ÀWỌN TÓ LỌ, TÍ Ọ̀NÀ SÌ LÀ FÚN

Ẹni tó bá ní gbogbo ẹni tó lọ ló ṣìnà, irọ́ ló pa. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbá àṣekágbá ní ìlú San Antonio. Houston, ilé ẹ̀kọ́ Hakeem yẹn kan náà, ló pàdé Yunifásítì Florida. Àmì 12 ni Houston fi ń ṣíwájú nígbà kan, ṣùgbọ́n Florida lé wọn bá. Nígbà tí aago fẹ́ dún, Walter Clayton Jr. ti Florida sáré bo ẹni tó fẹ́ jù ú fún Houston, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó parí sí 65 sí 63. Àmì méjì náà ni Houston tún fi pàdánù, bíi ti 1983.

Nínú àwọn márùn-ún tí Florida fi bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀hún, mẹ́rin ló ti ibòmíràn wá. Clayton ti Iona wá. Alijah Martin ti Florida Atlantic wá. Will Richard, tó gba àmì 18 lọ́jọ́ náà, ti Belmont wá. Ẹni kẹrin ni Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà wa níbí, tó ti Washington State wá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nínú mẹ́rin yìí, mẹ́ta ni kóòṣì wọn kọ́kọ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ síbi tó tóbi jù kí àwọn náà tó kẹ́rù. Ọ̀gá ló lọ, ọmọ tẹ̀lé e jáde ní ọ̀nà tirẹ̀. Èkejì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ pé orí bẹ́ńṣì ló ti dìde lọ. Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n wà, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọjà tó ti dára, ibi yòówù tí wọ́n bá gbé e dé, yóò rí oníbàárà.

ÀWỌN TÍ A KÌ Í GBỌ́ ORÚKỌ WỌN

Ta ni ń ròyìn ẹni tí fóònù rẹ̀ ò dún? Nínú àwọn tó ń kọ orúkọ sínú ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ ni kóòṣì kankan kì í pè. Òfin sì gbà pé tí ọmọ bá ti ní òun ń lọ, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ nígbà tí táàmù náà bá parí. Ẹ wo ọmọ tó bínú jáde nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀, tó wá ń wá owó ilé ìwé kiri. Ibi tó sì ti rí àyè, wọ́n lè má ka gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù á tán lọ́jọ́ kan, ìwé ẹ̀rí lèèyàn á máa mú káàkiri.

Ti ọmọ tiwa tún wá yàtọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ Amẹ́ríkà, òfin físà dín iṣẹ́ owó tó lè ṣe níbẹ̀ kù. Owó tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ń gbà gbẹdẹmukẹ lórí orúkọ rẹ̀, òun lè fi gba wàhálà. Tó bá sì yí ilé ẹ̀kọ́ padà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé físà rẹ̀ tẹ̀lé e bó ṣe tọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, tó bá pè yín pé òun fẹ́ lọ, ẹ má kàn ṣàdúrà nìkan. Ẹ bi í pé: "Ta ló pè ẹ́? Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n á san owó ilé ìwé? Ìwé físà ẹ ńkọ́? Ṣé o ti bi kóòṣì ẹ pé kí ló kù díẹ̀ káàtó lára ẹ?"

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Ọmọdé tó bá ṣípá là ń gbé. Tí o bá béèrè, tí ọ̀gá sọ òótọ́ fún ẹ, tí o ṣe é, tí àyè ò sì sí síbẹ̀, máa lọ ọmọ mi, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tí o bá béèrè, tí ọ̀gá ń fi ọ̀rọ̀ yí ẹ lójú, ìyẹn náà ti dáhùn. Ṣùgbọ́n tí o ò bá béèrè rárá, àìsàn tó ń ṣe ẹ́ níbí ni wàá dì mọ́ ẹrù lọ sọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ọ̀rọ̀ kàn yín o. Kóòṣì tó mọ ìdí tí ọmọ fi ń jókòó, tó dákẹ́, tó ń wò ó bó ṣe ń bínú, ó jẹ nínú ẹ̀bi. Ẹnu tí a fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun náà la fi ń sọ òótọ́ fún un.

Ohun tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ́jọ́ náà nìyẹn, àmọ́ mo gé e kúrú. Ìyá aláta ní, "Ọmọ mi ò sọ fún mi pé kò tíì mọ ẹ̀rọ lò, ó ní wọ́n kórìíra òun ni." Ọ̀gá káfíńtà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní kó wá rí mi. Bí ò tiẹ̀ fẹ́ padà mọ́, ẹ ní kó wá. Nǹkan wà tó yẹ kí n ti sọ fún un láti ọdún tó kọjá."

N ò mọ̀ bóyá ọmọ náà lọ. Àga mi náà ò tíì ṣe tán títí di òní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí lẹ máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì balẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ta ló ti sá lọ rí, ṣé ó dára fún un àbí ó kábàámọ̀? Ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó ní kí ọmọ rẹ̀ tó ń lọ síléèwé bá a kọ ọ́. Ó dìgbà kan ná.